Colo, colere nínú èdè Látìn: oko ni, ilé ni, àbí ìsìn?

Àbẹ̀kẹ́_Òǹkàwé
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi ìwé kọ́ èdè Látìn fúnra mi, lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti kúrò lórí àwọn gbólóhùn kéékèèké, mo ti bọ́ sínú ìwé tí Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, kọ nípa ogun tó jà nílẹ̀ Gallia, ìyẹn agbègbè Faransé òde òní. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló dá mi dúró: colo, colere, colui, cultum.

Ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè mi pọ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà: dáko, gbé ibì kan, tọ́jú, ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bọ̀wọ̀ fún, sin òrìṣà. Nísàlẹ̀ ẹ̀, ó tún kọ colo mìíràn, ó ní ìyẹn ni kéèyàn sẹ́ nǹkan, bí a ṣe ń sẹ́ ògì.

Ibi tó ti dà mí rú nìyí. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ gan-an, Caesar kọ ọ́ pé *quarum unam incolunt Belgae*. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé àwọn Belgae ń dáko ní apá kan ilẹ̀ náà. Nígbà tí mo dé ìwé kẹfà, orí 17, mo rí *deum maxime Mercurium colunt*, òrìṣà sì ni Mercurius, kì í ṣe ilẹ̀. Mo wá ṣí Bíbélì Látìn, Ẹ́kísódù 20, mo bá *non adorabis ea, neque coles* níbẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo èyí, àbí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó kàn jọra? Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Tíṣà_Àgbà
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, yàtọ̀ sí ti sísẹ́ ògì yẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Látìn nílé ìwé girama. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe náà sílẹ̀ ná, kí wọ́n wá àbọ̀ rẹ̀ lọ. Bí àbọ̀ bá jẹ́ ilẹ̀ ọ̀gbìn, bíi *agrum colit*, ó ń dáko ni. Bó bá jẹ́ ìlú, erékùṣù tàbí igbó, ó ń gbé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ òrìṣà, ó ń sìn ín. Bó bá jẹ́ èèyàn, pàápàá ẹni tó ju ẹni lọ, ó ń bọ̀wọ̀ fún un, ó ń lọ kí i nílé, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun ó dá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwà, ó ń hù ú. Cicero, òǹkọ̀wé Róòmù, kọ ìtàn àlá kan tí ọ̀gágun Scipio lá, tí bàbá rẹ̀ ti fara hàn án tó sì gbà á níyànjú pé *iustitiam cole et pietatem*. Òdodo ni bàbá ní kó máa ṣe, àti ojúṣe ọmọ sí òbí, sí ẹbí, sí ìlú.

Ti Belgae, wo *in-* tó wà níwájú. *Incolo* kì í ṣe dáko. Gbígbé ni. *Incola* sì ni ará ibẹ̀. Bó o bá tún sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ nínú orí kan náà, wàá rí *cultu*. Caesar ní àwọn Belgae ló láyà jù nínú gbogbo wọn, torí pé wọ́n jìnnà jù sí *cultus* àti *humanitas* agbègbè tó wà lábẹ́ Róòmù. Ọ̀làjú ni *cultus* ibẹ̀ yẹn: aṣọ, ilé, oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń tún ara wọn ṣe. Ojú ewé kan ṣoṣo, ọmọ ìyá méjì.

Ọmọ_Sẹ́mínárì
Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ fi èyí kún un: *coles* inú Ẹ́kísódù kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ti ìsinsìnyí ni colo, colis, colit, colimus, colitis, colunt. Ọjọ́ iwájú ni *coles*, “ìwọ yóò sìn”. Nígbà tí *neque* bá wá ṣáájú rẹ̀ nínú òfin, ohun tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní “ìwọ kò gbọdọ̀” ló dà.

Tíṣà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wíwo àbọ̀ nìkan kì í tó nígbà mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Aeneid, ewì gígùn tí Virgil kọ, ó ń sọ̀rọ̀ òrìṣà Juno àti ìlú Carthage: *quam Iuno fertur terris magis omnibus unam posthabita coluisse Samo*. Ìlú ni àbọ̀. Ṣé ohun tó ń sọ ni pé Juno ń gbé Carthage, àbí pé ó ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ lọ, débi pé Samos tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ìkejì? Olùwà ni ẹ máa wò níbí yìí. Òrìṣà ni olùwà, òrìṣà kì í sì í gbé ìlú bí èèyàn ṣe ń gbé e. Ẹni tó bá mọ ohun tí Ọ̀ṣun jẹ́ sí Òṣogbo kò ní rò pé dandan ni kóun mú ọ̀kan jù nù. Ó ń gbé ibẹ̀, ó sì ń dáàbò bò ó, nígbà kan náà.

Olóko_Òkèògùn
Èmi ò gbọ́ Látìn o, oko ni mo gbọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ ń sọ “dáko”, ẹlòmíràn á tún máa wí “ro oko”, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ríro ni kí n fi ọkọ́ gé koríko kúrò lẹ́sẹ̀ ohun tí mo gbìn. Dídáko ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ríro tó dé. Iṣu tí mo gbìn lọ́dún yìí, mo ṣán igbó, mo sun ún, mo kọ ebè, mo gbìn ín, mo fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má pa á, mo fi igi gbé ìtàkùn rẹ̀ ró, mo ro ó lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó wà á. Èwo gan-an nínú rẹ̀ ni colere?

Tíṣà_Àgbà
Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá. Ìbéèrè tó dáa lẹ bi yìí, torí pé Látìn ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: *arare* ni fífi ohun ìtúlẹ̀ tú ilẹ̀, *serere* ni gbígbìn, *metere* ni kíkórè. *Colere* ni gbogbo ọdún tí ojú àti ọwọ́ àgbẹ̀ ò kúrò lórí ilẹ̀ náà. Cato, ará Róòmù àtijọ́, kọ ìwé nípa iṣẹ́ oko ní nǹkan bí ọdún 160 ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní bí àwọn bàbá ńlá àwọn bá fẹ́ yin ọkùnrin rere, ohun tí wọ́n máa ń pè é ni *bonum agricolam bonumque colonum*, àgbẹ̀ rere, olóko rere. *Agricola* àti *colonus*, inú colere ni àwọn méjèèjì ti jáde.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé oko ni ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Láti oko ni gbígbé ilé àti sísin òrìṣà ti yọ.

Ìyá_Kọ́ọ̀rù
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní orin Látìn.

Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ ya colo ti sísẹ́ sọ́tọ̀. Ẹni tó ń sẹ́ ògì, ìtọ́jú ló ń ṣe. Mo na aṣọ funfun tín-ínrín sórí abọ́, mo da ọkà lílọ̀ sí i, mò ń bu omi lé e, mò ń fọwọ́ yí i po. Ògì ń sọ̀ kalẹ̀ bí wàrà, èèrí ń kù lókè. Ọwọ́ mi kì í kúrò níbẹ̀ títí omi á fi máa mọ́ bọ̀. Ṣé ìyẹn ò jọ ohun tí Tíṣà sọ nípa oko?

Ẹ̀ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan *-cola* tó ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Orin àtijọ́ kan wà fún àárọ̀ Àjíǹde, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá. Áńgẹ́lì bi àwọn obìnrin tó wá sí ibojì pé: *Quem quaeritis in sepulchro, o Christicolae?* Ta lẹ̀ ń wá nínú ibojì, ẹ̀yin olùsin Kristi? Àwọn náà dáhùn: *Iesum Nazarenum crucifixum, o caelicolae.* Jésù ará Násárẹ́tì tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú ni, ẹ̀yin ará ọ̀run. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe dùn: *agricola* ń dáko, *Christicola* ń sin Kristi, *caelicola* ń gbé ọ̀run. Ìtumọ̀ mẹ́ta tí Àbẹ̀kẹ́ ń bèèrè ló wà lẹ́nu ìparí kan ṣoṣo yẹn, méjì nínú wọn sì ń dá ara wọn lóhùn nínú orin kan náà. Bí a bá ń kọ́ ọ, mo máa ń ní kí apá kan kọ̀ọ̀rù dojú kọ apá kejì, kí wọ́n lè mọ̀ pé orúkọ ni wọ́n fi ń ki ara wọn.

Ọmọ_Sẹ́mínárì
Ìyá wa, ẹ ṣeun fún orin yìí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọ ọ́, etí mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí rí.

Ti sísẹ́ ni mi ò lè bá yín gbà. Fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ti sísẹ́ gùn: cōlō, cōlāre, cōlāvī, cōlātum. Ara *cōlum* tó jẹ́ asẹ́ ló ti wá. Ti oko kúrú. Ìwé tí kò bá fi àmì lé e á jẹ́ kí méjèèjì jọra, àmọ́ etí ará Róòmù ń yà wọ́n bí tiwa ṣe ń ya “mo ro ó” sọ́tọ̀ sí “mo rò ó”. Ẹni tó ro oko àti ẹni tó rò ó, a kì í ṣì wọ́n mú.

Bí kò bá sí àmì, ẹ wo ìparí. *Coluit* ni ti oko, *colavit* ni ti asẹ́. Èyí tó lè tan yín ni *colant*. Ó lè jẹ́ “wọ́n ń sẹ́”, ó sì lè jẹ́ “kí wọ́n máa dáko”, ìyókù gbólóhùn ló máa yàn fún yín. Mátíù 23:24 ni ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù: *excolantes culicem, camelum autem glutientes*, àwọn tó ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ohun mímu tí wọ́n sì ń gbé ràkúnmí mì. Bó bá jẹ́ ti colere ni, *excolentes* ni à bá rí níbẹ̀.

Ìyá_Kọ́ọ̀rù
*Excolantes*, *excolentes*. Mo ti gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo gbà. Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn.

Ọmọ_Bahia
Ẹ kú ọjọ́ o, láti Salvador, ní Brazil. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn níbí. Èdè Potogí tí wọ́n ń sọ, ọmọ Látìn ni, àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ́ ẹ ń jà lé lórí sì wà láàyè níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pe ìsìn òrìṣà níbí ni *culto aos orixás*. *Cultuar* ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀: ẹnì kan *cultua* Ọ̀ṣun, ẹlòmíràn *cultua* Ògún. Ara *cultus* ló ti wá, láti inú colere. Láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n á *coar café*: omi gbígbóná sórí kọfí nínú àpò aṣọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní *coador*, kó máa kán sínú ìgò. Cōlāre nìyẹn. Nílé ìyá àgbà tí mo ti kọ́kọ́ gba yàrá, ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń sẹ́ kọfí ni igun Ọ̀ṣun rẹ̀ wà, omi tútù nínú àwo funfun. Ó ń *coar*, ó yíjú, ó ń *cultuar*. Kò sí bí ẹ ṣe lè sọ fún un pé ọ̀kan náà ni.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi ọ̀kan sí i. Ayálégbé ni wọ́n ń pè ní *inquilino*. Látìn ni, *inquilinus*, colere ló sì wà nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yí ojú padà.

Akin_Onímọ̀Èdè
*Inquilinus* tí ẹ̀gbọ́n wa ní Bahia mú wá yìí ni mo fẹ́ fi dá Tíṣà lóhùn. Tíṣà, ẹ dárí jì mí, oko kọ́ ni ìpilẹ̀. *Qu* tó wà nínú *inquilinus* ń jẹ́ ká mọ̀ pé *kw* ni ìró àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó tó di *c*. Àwọn onímọ̀ èdè sì tọpa rẹ̀ dé gbòǹgbò kan tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa yí, kéèyàn máa lọ yíká. Ẹni tó ń yí ká ojú kan, tí ìrìn rẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀: bó bá jẹ́ ilẹ̀, ó ń dáko, bó bá jẹ́ ilé, ó ń gbé ibẹ̀, bó bá jẹ́ ojúbọ, ó ń sìn. Ẹ̀ka mẹ́ta láti ara igi kan náà ni, oko ò bí àwọn yòókù.

Àbẹ̀kẹ́, ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ nìyí. Yorùbá ti fún wa ní ohun tí ọ̀pọ̀ èdè kò ní. Wo *sìn*. À ń sin Ọlọ́run, à ń sin òrìṣà, à ń sin ọba. À ń sin adìyẹ, à ń sin ewúrẹ́, a sì ń pè wọ́n ní ẹran ọ̀sìn. Fífún adìyẹ ní àgbàdo láàárọ̀ àti kíkúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pè wọ́n, kò sì yà wá lẹ́nu. Irú ọgbọ́n yẹn gan-an ló wà nínú colere. Kódà, *colonia* ti inú colere jáde, àwa náà sì ń pe ìjọba àwọn òyìnbó ní ìjọba amúnisìn. Sìn rèé lẹ́ẹ̀kan sí i!

Tósìn_Lincoln
Ẹ̀gbọ́n Akin, mo gbádùn ti ẹran ọ̀sìn, àmọ́ ti amúnisìn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ bó ṣe wà.

Ìlú Lincoln ni mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. *Lindum Colonia* ló ń jẹ́ láyé àwọn ará Róòmù. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn. Ẹnu ibodè wọn kan ṣì wà lójú títì, Newport Arch, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wakọ̀ gbà. Ìlú Cologne ní Jámánì náà, *Colonia* ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Kristi ni ó gba ipò yẹn lábẹ́ ọba Claudius, nítorí Agrippina ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n bí níbẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó ń ṣe colere nínú *colonia* ni àtìpó tó wá gba ilẹ̀. Òun ló ń dáko, òun ló ń gbé ibẹ̀. Nínú amúnisìn, ẹni tí wọ́n mú ni ó ń sìn. Látìn sọ ọ́ láti ẹnu ẹni tó gba ilẹ̀, Yorùbá sọ ọ́ láti ẹnu ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Róòmù kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Tiwa sọ ọ́.

Akin_Onímọ̀Èdè
Tósìn, òótọ́ lo sọ. Mo sáré jù níbẹ̀, mo mú un kúrò. *Sìn* àti *colere* jọra ní ti ìtọ́jú àti ìsìn, ó parí síbẹ̀. *Sìn* kò sì lè dáko, kò lè gbé ilé. A kì í sin ilẹ̀, a kì í sin ìlú ní ìtumọ̀ pé à ń gbé ibẹ̀.

Olóko_Òkèògùn
Ẹni tó bá ti fi ogún ọdún dáko sójú kan mọ̀ pé à ń sin ilẹ̀.

Ọmọ_Abẹ́òkúta
Mo ń kà á látàárọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà lára àmì-ẹ̀yẹ Nobel tí Wọlé Ṣóyínká gbà lọ́dún 1986? Ẹ̀yìn àmì-ẹ̀yẹ ti lítíréṣọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Inventas vitam iuvat excoluisse per artes*. Ìlà kan nínú ìwé kẹfà Aeneid ni wọ́n tún tò. *Excoluisse*, láti ara *excolo*. Tíṣà, báwo lẹ ṣe máa túmọ̀ rẹ̀?

Tíṣà_Àgbà
“Ó dùn mọ́ni láti ti fi ọgbọ́n táa ṣàwárí tún ayé ẹ̀dá ṣe.” *Ex-* yẹn ló sọ ọ́ di àṣeyanjú: wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dára. Níbí yìí, *vitam* ni àbọ̀, ìgbésí ayé ẹ̀dá. Ilẹ̀ kọ́, òrìṣà kọ́, síbẹ̀ ọwọ́ àgbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Akin, mo ti yẹ ìwé wò lórí ọ̀rọ̀ *inquilinus*. O jàre.

Àbẹ̀kẹ́_Òǹkàwé
Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti tún iṣẹ́ mi ṣe lálẹ́ yìí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

*Quarum unam incolunt Belgae*: Àwọn Belgae ń gbé ọ̀kan nínú wọn.

*Neque coles*: Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ kò gbọdọ̀ sìn wọ́n.

Mo sì rí tuntun kan nínú ìwé karùn-ún, orí 12, nípa àwọn tó ti ilẹ̀ Belgae ré òkun kọjá lọ sí Britannia, tí wọ́n jagun, tí wọ́n sì jókòó síbẹ̀: *atque agros colere coeperunt*. Mo wá àbọ̀, mo rí *agros*. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáko.

*Deum maxime Mercurium colunt* ló kù. Mo kọ ọ́ pé “wọ́n ń sin Mercurius gẹ́gẹ́ bí ọlọ́run tó ga jù”. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí *deum* yẹn.

Ọmọ_Sẹ́mínárì
Àǹtí, ọkàn yín ò ṣì yín lọ́nà. *Deum* ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà kọ *deorum* ni, “nínú àwọn òrìṣà”. *Colunt* sì ni *maxime* ń ṣàlàyé, kì í ṣe *deum*. “Nínú àwọn òrìṣà, Mercurius ni wọ́n ń sìn jù.” Bí ẹ bá ka ìlà tó tẹ̀ lé e, Caesar sọ pé ère rẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn.